Lẹ́tà sí ẹ̀yin àgbà ọmọ Yunifásítì Ìbàdàn: ẹ sọ ìtàn yín fún wa

Ẹ̀yin bàbá wa àti ẹ̀yin ìyá wa,

Mo kúnlẹ̀ kí yín, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé ní Ìbàdàn nígbà tó ṣì ń jẹ́ University College, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ wọlé lẹ́yìn tó di yunifásítì tó dá dúró ní 1962, títí kan àwọn tó jáde ní ìparí àwọn ọdún 1970. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa nínú ìlera.

Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo bá wá, n ó sì sọ ọ́ láìfepo bọyọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹnu ara yín sọ ohun tẹ́ ẹ ti ṣe láti ọjọ́ tẹ́ ẹ ti kúrò nínú ọgbà UI: iṣẹ́ tẹ́ ẹ ṣe, ìlú tẹ́ ẹ ti ṣe é, àwọn tó jàǹfààní rẹ̀, àti bí nǹkan ṣe rí báyìí tẹ́ ẹ ti fẹ̀yìn tì. Ẹ sọ ọ́ nísinsìnyí tí ohùn ṣì já gaara. Ẹ má fi í sílẹ̀ de àwa ọmọ yín láti sọ, nítorí a ò mọ̀ ọ́n.

Ibi tí mo ti ń ka ìtàn yín jù lọ báyìí ni ìwé ètò ìsìnkú. Ẹ mọ ìwé tí mò ń wí: èyí tó ń dán gbinrin, tí wọ́n ń pín lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, tí fọ́tò olóògbé wà níwájú rẹ̀. Ọ̀kan wà níwájú mi bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Ìyá kan ló ni ín, tíṣà ni wọ́n, wọ́n jáde ní Ìbàdàn ní 1971. Orin ìsìn wà nínú ìwé náà, fọ́tò tí wọ́n fi aṣọ ẹbí yà wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ìdágbére látọ̀dọ̀ àwọn ọmọ, àwọn àna àti ẹgbẹ́ ìyá ìjọ kún inú rẹ̀. Nígbà tó kan yunifásítì, gbólóhùn kan péré ni: wọ́n lọ sí Yunifásítì Ìbàdàn, wọ́n sì gba oyè B.A. Èyí tó tẹ̀lé e ní wọ́n ṣe iṣẹ́ tíṣà títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Ó parí síbẹ̀.

Ibi tí à ń jẹun lẹ́yìn ìsìnkú ni bàbá kan ti gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Irun rẹ̀ ti funfun báláú. Ó ní ìyá yìí ló kọ́ òun ní ìmọ̀ ìtàn ní fọ́ọ̀mù kẹrin, àti pé nígbà tí bàbá òun ò rówó ìdánwò WAEC san, ìyá ló san án, tó ní kí òun má sọ fún ẹnikẹ́ni. Kò tíì jókòó tí obìnrin kan fi dìde, tó ní bí wọ́n ṣe ṣe fún òun náà nìyẹn, ní ilé ẹ̀kọ́ mìíràn, ní ọdún mìíràn. Àwọn ọmọ ìyá ń wo ara wọn lójú. Kò sí ẹni tó gbọ́ ọ rí nínú wọn.

Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn. Ẹ̀yin ìran yìí mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ ò mọ̀ ọ́n sọ. Wọ́n kọ́ yín nílé pé ẹni tó bá ṣoore kó má wẹ̀yìn wò, ẹ sì gbà á. Mo mọ rírì ìwà yẹn. Àmọ́ bí ẹ bá dákẹ́, ohun tí ọmọ-ọmọ yín á máa rò ni pé àwọn tó ṣe nǹkan kan ní Ìbàdàn ò ju àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé ìròyìn lọ.

Ẹ sì jẹ́ kí n rán yín létí pé ní Ìbàdàn gan-an ni wọ́n ti kọ́ gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà bí wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ tí mò ń bẹ̀ yín fún yìí. Nígbà tí ọ̀pọ̀ òpìtàn òyìnbó gbà pé níbi tí kò bá ti sí ìwé àkọsílẹ̀, kò sí ìtàn níbẹ̀, Kenneth Dike àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń kọ́ni ní Ìbàdàn ní rárá, pé ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu àwọn àgbà jẹ́ ẹ̀rí bí ìwé ṣe jẹ́ ẹ̀rí. Dike náà ló ṣagbátẹrù ilé àkójọpọ̀ ìwé ìjọba, National Archives, tó wà nínú ọgbà UI títí dòní. Jacob Adé Àjàyí, ọmọ Ìkọ̀lé-Èkìtì, wà lára àwọn tó ti Yaba wá sí Ìbàdàn nígbà tí kọ́lẹ́ẹ̀jì náà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní 1948. Òun náà di òpìtàn, ó kọ́ ọ̀pọ̀ nínú yín, ó sì ṣe gíwá Yunifásítì Èkó láti 1972 sí 1978. Àwọn òpìtàn Ìbàdàn yìí tọ àwọn arúgbó lọ sí ààfin àti sí agboolé, wọ́n jókòó, wọ́n gbọ́, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin ni arúgbó báyìí. Ó ti kàn yín.

Akẹ́kọ̀ọ́ 104 ló bẹ̀rẹ̀ ní 1948, ní Ẹlẹ́yẹlé, nínú àwọn ilé tí ilé ìwòsàn àwọn ọmọ ogun fi sílẹ̀. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún lọ́jọ́ náà ti sún mọ́ ọgọ́rùn-ún ọdún lónìí. Mi ò ní láti sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń ká mi lára.

Àwọn olókìkí pàápàá, apá kan ìtàn wọn wà lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn tí ẹnikẹ́ni ò bi ní nǹkan kan. Christopher Okigbo jáde ní 1956, èdè Látìn àti Gíríìkì ló kà. Kó tó di akéwì tí gbogbo ayé mọ̀, kó sì tó bá ogun lọ ní 1967, ó ṣe tíṣà ní Fiditi Grammar School, ní Fìdítì tí ẹ ń gbà kọjá bẹ́ ẹ bá ti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́. Àwọn ọmọdékùnrin tó kọ́ ní Látìn níbẹ̀ ti tó ẹni ọgọ́rin ọdún, tàbí kí wọ́n ti lé. Báwo ló ṣe ń kọ́ wọn? Ṣé ó máa ń ka ewì fún wọn? Kí ló máa ń sọ bí ọmọ kan ò bá ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá? Bí ẹnì kan nínú wọn bá ń ka lẹ́tà yìí, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá sọ̀rọ̀, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ẹni kan sọ ọ́ fún ní ọ̀sẹ̀ yìí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Grace Alele-Williams. Ọdún 1954 ló parí ẹ̀kọ́ ìṣirò ní Ìbàdàn, tó lọ ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní Queen's School, nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ náà ṣì wà ní Ẹdẹ. Ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Chicago ní 1963, ó sì di gíwá Yunifásítì Benin ní 1985, obìnrin àkọ́kọ́ tó dé ipò náà ní Nàìjíríà. Ó kú ní oṣù Kẹta 2022. Gbogbo èyí wà nínú ìwé. Èyí tí kò sí nínú ìwé ni ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú kíláàsì kan ní Ẹdẹ, nígbà tí ọ̀dọ́bìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba dìgírì mú ẹfun, tó kọjú sí pátákó, tó ń ṣàlàyé ìṣirò fún àwọn ọmọbìnrin tí àwọn kan nílé wọn ti sọ fún pé ìṣirò kì í ṣe iṣẹ́ obìnrin. Àwọn ọmọbìnrin yẹn ti di ìyá àgbà. Àwọn kan nínú wọn á ti ṣe dókítà, wọ́n á ti ṣe tíṣà, wọ́n á ti ṣòwò. Ta ló ń bi wọ́n?

Bẹ́ ẹ bá ń wá àwòkọ́ṣe fún ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún, ẹ wo Akin Mabogunje. Òun náà jẹ́ ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn ní àwọn ọdún ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ìmọ̀ nípa ilẹ̀ àti ìlú ló kà, ó sì kọ́ni ní UI fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lẹ́yìn tó fi yunifásítì sílẹ̀, kò lọ jókòó sílé. Ó darí ètò báńkì àwùjọ tó fẹ́ kí ará ìlú kéékèèké rí owó yá. Ní 2009, wọ́n fi ṣe alága ìgbìmọ̀ ìjọba àpapọ̀ tó ń wá àtúnṣe sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní 2017, ó gba ẹ̀bùn Vautrin Lud tí wọ́n ń fún àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ilẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé, nígbà tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ohun tó wù mí jù lọ nínú gbogbo rẹ̀ ni pé nígbà tó tó ẹni ọgọ́rin ọdún, ó jókòó, ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìtàn ayé rẹ̀. Nígbà tó jáde láyé ní oṣù Kẹjọ 2022, kò sí ẹni tó ní láti máa méfò lórí ohun tó ṣe.

Mabel Segun, tó jáde ní 1953, gbá bọ́ọ̀lù orí tábìlì fún Nàìjíríà, ó kọ̀wé fún àwọn ọmọdé, ó sì jẹ́ ẹni ọdún 77 nígbà tí òun àti òǹkọ̀wé mìíràn jọ pín ẹ̀bùn ìwé kíkọ tó tóbi jù lọ ní Nàìjíríà ní 2007. Akínwùmí Ìṣọ̀lá ka èdè Faransé ní UI, àmọ́ Yorùbá ló fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ sìn, ó sì ń kọ̀wé lọ lẹ́yìn tó fi iṣẹ́ olùkọ́ ní Ifẹ̀ sílẹ̀, ó tú ìwé Wọlé Ṣóyínká sí Yorùbá, ó kọ eré sinimá tí ọmọdé àti àgbà ń wò. Mo dárúkọ àwọn yìí kí a lè rí i pé lẹ́yìn ọgọ́ta ọdún, ìròyìn ṣì kù nínú ènìyàn.

Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí púpọ̀ nínú yín ń sọ lọ́kàn báyìí. Ẹ ń sọ pé, "Èmi ò di gíwá. Èmi ò di mínísítà. Kí ni mo fẹ́ sọ?"

Ẹ gbọ́, ẹ̀yin òbí mi. Ẹ̀yin gan-an ni mò ń wá.

Ní 1965 ni UI bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ní ìpele dìgírì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ́kọ́ jáde níbẹ̀, báwo làwọn dókítà ṣe ń wò yín ní wọ́ọ̀dù nígbà tẹ́ ẹ dé? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ka iṣẹ́ àgbẹ̀, tí ìjọba rán lọ sí abúlé tí kò sí iná, tẹ́ ẹ ń gun alùpùpù lọ sọ́dọ̀ àwọn olóko kòkó láti kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń fín oògùn sí igi, oko ta ni ẹ gbà là? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ́ṣẹ́ ilé ìkàwé, tẹ́ ẹ to ìwé sórí pẹpẹ ní ìlú tí kò ní ilé ìkàwé rí, ṣé ilé náà ṣì wà? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jáde ní 1973, tẹ́ ẹ sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ sin ìlú nínú NYSC, nígbà tó lé díẹ̀ ní ọdún mẹ́ta tí ogun abẹ́lé parí, ibo ni wọ́n gbé yín lọ, irú ojú wo ni wọ́n fi gbà yín? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ Ìgbò, tẹ́ ẹ kó ẹrù kúrò nínú ọgbà ní 1966, tẹ́ ẹ padà wá tàbí tẹ́ ẹ ò padà wá mọ́, ta ló tọ́jú ìwé yín fún yín? Ẹ̀yin dókítà tẹ́ ẹ lọ sí Saudi Arabia àti Amẹ́ríkà nígbà tí owó náírà wó lulẹ̀ lẹ́yìn 1986, kí lẹ fi sílẹ̀, kí lẹ sì rí lọ́hùn-ún? Ìbéèrè wọ̀nyí ò lópin, mo sì mọ̀ pé ìdáhùn wà lọ́dọ̀ yín.

Èyí tí ó wúwo jù lọ́kàn mi ni ti ọjọ́ kìíní oṣù Kejì 1971. Gbogbo ọmọ UI ló mọ orúkọ Kúnlé Adépéjù, nítorí ó wà lára ilé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló bẹ̀rẹ̀ ìfẹ̀hónúhàn náà, àti pé ìbọn ọlọ́pàá ló pa á. Nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́, a máa ń dúró níwájú ilé yẹn láti ṣe ìpàdé, a máa ń kọrin, a máa ń pariwo orúkọ rẹ̀. Àmọ́ irú ọmọ wo ló jẹ́? Ta ló ń gbé yàrá kan náà pẹ̀lú rẹ̀? Irú ẹ̀rín wo ló ń rín? Ta ló lọ sọ fún àwọn òbí rẹ̀? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jọ jókòó nínú kíláàsì ti lé ní àádọ́rin ọdún dáadáa, ẹ sì ti gbé ọjọ́ yẹn ká ní ọ̀nà tí àwa tó ń kọrin ò mọ̀. Bóyá ọjọ́ náà ló mú kí ẹnì kan nínú yín di agbẹjọ́rò. Bóyá ọjọ́ náà ló mú kí ẹlòmíràn pinnu pé òun ò ní sún mọ́ ọ̀rọ̀ ìjọba mọ́ láé. Ìyẹn náà jẹ́ ìròyìn akẹ́kọ̀ọ́jáde. Lójú mi, ó wúlò ju àtòjọ oyè lọ.

Ẹ má fi ìyà tó ń jẹ yín báyìí pamọ́ pẹ̀lú. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti to sórí ìlà nínú oòrùn kí òṣìṣẹ́ ìjọba lè fojú rí i pé ẹ ṣì wà láàyè, kó tó buwọ́ lu owó ìfẹ̀yìntì tí kò tó ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Mo mọ̀ pé àwọn kan wà lọ́dọ̀ ọmọ ní Houston tàbí ní London, tí wọ́n ń tọ́jú ọmọ-ọmọ, tí ẹni tó gbọ́ èdè wọn ò sí nítòsí láti àárọ̀ títí dìrọ̀lẹ́. Ẹnì kan ti pàdánù aya, ẹnì kan ò ríran dáadáa mọ́. Bí àwọn ẹgbẹ́ yín tẹ́ ẹ jọ gbé Kuti Hall tàbí Queen's Hall bá gbọ́, wọ́n á pè yín. Wọ́n á wá kí yín. Mélòó nínú yín ló ń gbé ìlú kan náà pẹ̀lú ọ̀rẹ́ àtijọ́, tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún un?

Bẹ́ ẹ ṣe lè ṣe é ò nira. Ẹ pe ọmọ-ọmọ kan, kó gbé fóònù sórí tábìlì, kó gba ohùn yín sílẹ̀, kí ẹ máa sọ̀rọ̀. Ẹ sọ ọ́ ní èdè tó bá wá sí yín lẹ́nu. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹni tó san owó ilé ẹ̀kọ́ yín, bóyá kòkó bàbá ni o, bóyá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni o, bóyá ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ló dáwó jọ. Ẹ sọ iye owó oṣù yín àkọ́kọ́ àti ohun tẹ́ ẹ fi rà. Ẹ sọ iṣẹ́ tí inú yín dùn sí jù, tí ẹnikẹ́ni ò dúpẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ yín. Ẹ sọ èyí tí kò bọ́ sí i pẹ̀lú. Bí ẹ kò bá fẹ́ sọ iye ọmọ, ẹ má sọ ọ́. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, a ò sì ní bínú.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé àpótí fọ́tò jáde. Mo bẹ̀ yín, ẹ mú pẹ́ńsùlù, ẹ kọ orúkọ àwọn tó wà nínú rẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀, láti apá òsì sí apá ọ̀tún, pẹ̀lú ọdún àti ibi tí ẹ ti yà á. Mo ti rí fọ́tò àwọn ọmọbìnrin mẹ́fà tí wọ́n wọ gáùn dúdú tí wọ́n fi ń gboyè, tí wọ́n dì mọ́ra, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Àwọn tó jogún rẹ̀ mọ ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn, ìyẹn ìyá wọn. Márùn-ún tó kù ti di àlejò nínú ilé tí wọ́n á ti máa jẹun nígbà kan rí.

Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde Yunifásítì Ìbàdàn, mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan kún un fún yín. Bí oṣù Kọkànlá bá dé, tí à ń ṣe àjọ̀dún ọjọ́ ìdásílẹ̀ ní ọjọ́ 17, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún àwọn tíṣà, àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn tó ti fẹ̀yìn tì ní àyè láti sọ̀rọ̀, kí ohùn wọn wà lórí pèpéle kan náà pẹ̀lú ti àwọn gómìnà àti ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹ bá àwọn alákòóso Kenneth Dike Library sọ̀rọ̀, kí ibì kan wà níbẹ̀ tí ohùn àti fọ́tò wọ̀nyí lè máa gbé, nítorí fóònù ń bàjẹ́, ẹgbẹ́ WhatsApp sì ń tú ká.

Ẹ̀yin òbí wa tẹ́ ẹ wà ní Ìbàdàn tí kò sí ọmọ nítòsí, ẹ sọ fún akọ̀wé sẹ́ẹ̀tì yín. Èmi àti àwọn ojúgbà mi á wá bá yín nílé, ì báà jẹ́ Bódìjà, ì báà jẹ́ Ọ̀jọ́ọ̀, ì báà jẹ́ Mọ́níyà. A ò ní béèrè oúnjẹ, a ò sì ní kánjú. Bí ó bá rẹ̀ yín, a ó dìde, a ó sì padà wá lọ́jọ́ mìíràn.

Èmi ni ọmọ yín,
ọmọ Yunifásítì Ìbàdàn kan tó ń gbé ní Ìbàdàn